Nígbà Tí Mo Sọ Pupa Di Àwọ̀ Ewé

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, inú á bí mi. Ẹ̀rọ máa ń purọ́ dáadáa, bí ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ bá ti fẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú kì í sì í tì í. Mo mọ̀, nítorí pé èmi gan-an ni mo kọ́ ọ̀kan ní irọ́ pípa, ní Kútọnu níbí, lọ́sàn-án gangan, tí mo sì lọ jẹun lẹ́yìn náà.

Ilé ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Làbó ni gbogbo wa ń pè é. Olú ilé iṣẹ́ wa wà ní Gbégamey, kò jìnnà sí ọjà. A sì ní àwọn yàrá kéékèèké tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ní Godomey, ní Sèmè-Kpodji, àti ní ibi méjì mìíràn. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Godomey, alùpùpù á gbé e wá sí Gbégamey, ẹ̀rọ á yẹ̀ ẹ́ wò, èsì á sì wọ inú kọ̀ǹpútà àgbà. Kọ̀ǹpútà àgbà yìí ló ń pín èsì padà sí gbogbo yàrá wa, kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún aláìsàn. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà àgbà bá ń fà, àìmọye aláìsàn á máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà ni mo ń pè ní Bàbá. Kì í ṣe òun ló bí mi. Ará Ṣábẹ̀ ni, èmi sì jẹ́ ọmọ Kétu. Yorùbá ni àwa méjèèjì ń bá ara wa sọ, nínú ilé iṣẹ́ tí Faransé àti Fọ̀n ti gba gbogbo ẹnu. Àwọn yòókù ń pè é ní Doyen, ìyẹn àgbà tó ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wọn tó dé. Òun ló gbà mí síṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi àti bàtà gogoro mi, ó wo bàtà náà, ó ní, "Ìyá mi, wáyà ló kún ilẹ̀ ibi tí à ń lọ yìí o." Ní ọjọ́ kejì mo wọ sálúbàtà. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ mi ní ohun tí ilé ìwé ò kọ́ mi. Onínúfùfù ni mí. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já, mo lè bá ògiri jà. Òun á kàn jókòó kí n jà tán, á wá bi mí bóyá ògiri ti dáhùn.

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Láràárọ̀, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, á wọ yàrá tútù tí kọ̀ǹpútà àgbà wà, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì dijú díẹ̀, bí ìyá tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà á ní, "Ara ẹ̀ yá," tàbí, "Ó rẹ̀ ẹ́ lónìí, ẹ má dà á láàmú." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ọjọ́ kan tí ọwọ́ náà tàn án.

Oṣù mọ́kànlá ló kù kí ó fẹ̀yìn tì nígbà tí Màdáámù, ọ̀gá àgbà wa, ti ìrìn àjò dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu. Níbi tó lọ, ó ní, ògiri ilé iṣẹ́ ló ń sọ fúnni bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí. Ó fẹ́ irú rẹ̀: tẹlifíṣọ̀n ńlá kan lára ògiri gbọ̀ngàn wa, tí a pín sí àpótí àpótí, àpótí kan fún ẹ̀rọ kan. Bí ara ẹ̀rọ bá yá, àpótí rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá fẹ́ dákú, pupa, fóònù gbogbo wa á sì dún. Tabló ló pè é, ni àwa náà bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ó pè mí sí bùrọ́ọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ronú nípa ọ̀la ni, kò sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta ni màá fi wo tabló yìí," ó ní. "Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó bá ń pupa jù, màá gbé e fún ilé iṣẹ́ mìíràn níta kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀."

Mo bi í pé, "Bó bá wá jẹ́ ti Doyen ńkọ́?"

"Doyen ti ṣiṣẹ́ tó. Á lọ sinmi ṣáájú ọjọ́ ẹ̀ ni."

Ó rọrùn fún un láti sọ. Kò mọ ohun tí oṣù mọ́kànlá yẹn jẹ́ fún Bàbá, èmi sì mọ̀ ọ́n. Ní làbó wa, bí àgbà kan bá ṣiṣẹ́ dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, iṣẹ́ máa ń parí ní ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Àwọn ará Godomey á wá, àwọn ará Sèmè á wá, a ó lọ mú un nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, a ó sì fi orin sìn ín gba iwájú ilé jáde dé títì. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró ṣáájú ọjọ́ kì í rí ìyẹn. Bàbá ti bá wọn sin ẹni méjì jáde báyìí. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ kí wọ́n fi ọjọ́ náà sílẹ̀, pé wọn á rí bí wọ́n ṣe ń sin bàbá wọn jáde lọ́wọ́ iṣẹ́. Bí ó bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ gbéyàwó.

N kò sọ ọ̀rọ̀ Màdáámù fún Bàbá. Mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbà pé ara kọ̀ǹpútà náà yá, mo sì lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe tabló. Kíkun àpótí ní àwọ̀ kì í ṣe wàhálà. Ọmọdé pàápàá lè ṣe é. Wàhálà rẹ̀ ni kí ènìyàn mọ ibi tí yóò fa ìlà sí, ibi tí ewé á ti di ìyeyè, tí ìyeyè á sì ti di pupa. Bí o bá fà á sísàlẹ̀ jù, fóònù á máa ké ní gbogbo ìgbà, láìpẹ́ kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ mọ́. Bí o bá fà á sókè jù, ẹ̀rọ á ti kú kí ó tó pè ọ́. Bàbá ló bá mi fa ìlà ti kọ̀ǹpútà àgbà. Ó ní, "Bí ooru inú ẹ̀ bá dé àádọ́rin, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Bó bá dé ọgọ́rin, sáré." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣe ohun kan tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò mọ ẹni tí yóò pè, mo kọ orúkọ olùtọ́jú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ní àárín gbùngbùn, nínú àpótí kọ̀ǹpútà àgbà tó tóbi jù, mo kọ DOYEN. Mo tilẹ̀ rò pé iyì ni mo fi fún un.

A tan tabló ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Màdáámù ti lọ sí ìpàdé ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwa yòókù pé sí gbọ̀ngàn. Àwọn àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ewé, ewé, ewé, ìyeyè kan fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò tíì sinmi láti ìgbà tí a ti rà á, ewé. Lẹ́yìn náà ni ti àárín yọ. Pupa ni. Pupa tó mọ́lẹ̀ kedere, orúkọ Doyen sì wà nínú rẹ̀, gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń gba àlejò níwájú ilé, ọmọ Ègùn láti Àjàṣẹ́, tí ara rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, dìde, ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa bí ẹja Sèmè ṣe wọ́n tó lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú ilé gbé omi wá, ó ń nu ilẹ̀ tó ti nù tán. Àwọn nọ́ọ̀sì wo fóònù wọn, wọ́n pa á, wọ́n sì tẹ̀ síwájú nínú ọ̀rọ̀ ẹja bí ẹni pé ẹja ló kó wọn jọ. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Bí aṣọ bá bọ́ lára àgbà, ojú gbogbo ènìyàn ló ń wá ibòmíràn lọ.

Bàbá nìkan ni kò wo ibòmíràn. Ó yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká obìnrin náà, ó wò ó títí.

"Ṣé èmi nìyẹn?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá. Ẹ̀rọ ni."

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀," ó ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó wọ yàrá tútù lọ, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì bá wa jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀dùn bá mi, ìbínú sì gun orí rẹ̀. Mo bínú sí Màdáámù, mo bínú sí tẹlifíṣọ̀n, mo bínú sí pupa. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tí ọmọ á ṣe bí orí àgbà bá wọ́. Màdáámù á dé lọ́jọ́ kejì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò rí ni orúkọ ọkùnrin yìí nínú pupa. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Mo pa ọgọ́rin tí Bàbá fún mi rẹ́, mo kọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo pa àádọ́rin rẹ́, mo kọ àádọ́rùn-ún. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, àpótí àárín ti di àwọ̀ ewé tó rẹwà, mo sì lọ jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Bàbá jáde ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró níwájú tabló. Ojú rẹ̀ là.

"Ó ti bọ̀ sípò?"

"Mo tún nọ́ḿbà kan ṣe, Bàbá."

Òótọ́ ni gbólóhùn yẹn, bí ẹ bá fẹ́ fojú ọ̀rọ̀ wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé kò lè burú tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Àgbà ti dé sí ọwọ́ yìí," ó ní. "Láàárọ̀ mo rò pé ara ẹ̀ gbóná. Mo ti fẹ́ ṣí i wò gan-an."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Èmi àti òun nìkan ni, ilẹ̀kùn yàrá tútù sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ lọ sinmi, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà kò gbé ọwọ́ lé e mọ́. Láràárọ̀ á wá dúró níwájú tabló, á wo àpótí rẹ̀, á sọ ní Fọ̀n fún obìnrin tó ń gba àlejò pé, "Ganjí," ìyẹn ni pé ó dára, obìnrin náà á sì dá a lóhùn pé ganjí ni lóòótọ́. Lẹ́yìn náà á lọ mu kọfí rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ nídìí kọfí náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń sọ ìtàn fún wa. Ní ìgbà kan tó lọ sílé, ó gbé iṣu Ṣábẹ̀ mẹ́ta bọ̀ fún mi, ó ní nítorí tabló ni. Mo gún wọn. Iyán náà dára, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtìjú.

Màdáámù gan-an yìn ín. Ó dúró níwájú ògiri, ó ní, "Doyen, ẹ̀rọ yín ń ṣe dáadáa ju tèmi lọ." Bàbá tẹríba díẹ̀, ó nawọ́ sí mi, ó ní ọmọ òun ló ṣe é. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Mo ń ka ọjọ́ bí aboyún. Mo ní bí oṣù kẹta bá ti pé láyọ̀, màá wá ọ̀nà bí màá ṣe dá nọ́ḿbà náà padà díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Nínú oṣù kejì yẹn ni nọ́ọ̀sì Godomey pè mí. Ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ bi mí bóyá ohun tí òun ń ṣe dára. Ó ní láti ọjọ́ tí àpótí Doyen ti pupa, òun kì í fi ìbéèrè èsì ránṣẹ́ mọ́ títí di ọ̀sán. Òun ń kó wọn jọ, kí kọ̀ǹpútà àgbà lè sinmi láàárọ̀, kí ó má baà tún pupa. Àwọn aláìsàn ń dúró díẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n òun ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń gba àlejò. Òun náà ti ní tirẹ̀: ó ń kọ orúkọ àwọn àlejò sínú ìwé ní àárọ̀, á wá kó wọn sínú kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì. Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, omi bọ́ lójú mi, mo fẹ́ràn làbó wa lọ́jọ́ náà ju bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ rí. N kò rí i pé gbogbo wa ló ń bo iná, kò sì sí ẹni tó ń pa á.

Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru Kútọnu ti ń mú kí bàtà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù. Mo ń wo tabló lọ́wọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọ̀ ewé ni àpótí àárín, lẹ́yìn náà ó di eérú. Kò tilẹ̀ gba ìyeyè kọjá, fóònù kankan ò dún. Kọ̀ǹpútà àgbà ti kú.

Bàbá sáré. N kò rí i kí ó sáré rí. Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá tútù. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì fà á padà kíá. Nígbà tó ṣí i, a rí fáànù méjì tó yẹ kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Eruku ti di wọ́n pa bí òwú. Ọ̀kan ti dúró tipẹ́, èkejì ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fáànù kéékèèké ni, irú èyí tí ènìyàn lè rìn dé ọjà rà, kí ó sì dé kí kọfí rẹ̀ tó tutù. Nítorí àìsí wọn, ibi tí èsì gbogbo aláìsàn wà ti jóná.

Ó dìde. Ó wo gbọ̀ngàn láti ẹnu ọ̀nà, ó wo tabló níbi tí àwọn àpótí yòókù ti ń tàn ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Àwọn ará làbó mẹ́ta wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Ó kàn ní kí n gbé irinṣẹ́ òun wá.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni a fi ṣiṣẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà àgbà. Èsì àwọn ọjọ́ tó ti kọjá, a rí púpọ̀ nínú wọn gbà padà. Ti àárọ̀ ọjọ́ náà ti lọ. Wọ́n rán mi lọ sí Sèmè-Kpodji pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí n lọ bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn aláìsàn. Aboyún kan wà lórí bẹ́ǹṣì, oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà rẹ̀ ń dúró de èsì rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ láàárọ̀ ti dé Gbégamey, ẹ̀rọ ti yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ sì ti ṣègbé. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn.

Obìnrin náà na apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́, àárẹ̀ ni. Ó bi mí ní Yorùbá àwọn ará Nàìjíríà pé, "Àǹtí, kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?"

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ Màmá, ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ó bímọ láyọ̀, mo béèrè títí mo fi mọ̀. Ṣùgbọ́n apá tó nà yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Màdáámù pe èmi àti Bàbá. Àwọn dókítà ti ń pè é láti àná, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bi wá bí àpótí ṣe lè ní àwọ̀ ewé títí ẹ̀rọ fi kú. Mo la ẹnu. Bàbá ti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo fún ọmọ yìí ní nọ́ḿbà tó fi fa ìlà," ó ní. "Mi ò sì ṣí ẹ̀rọ náà nù láti oṣù mẹ́ta. Ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ẹ̀yin tí a kò tọ́ dàgbà níbi tí a ti tọ́ mi lè rò pé ó rọrùn láti sọ pé, "Irọ́ ni, èmi ni." Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, Bàbá ni mo pè ní òpùrọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ojo ni mí, tí mo sì rí àṣà fi bora. Mo pa ẹnu dé.

N kò sùn dáadáa ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo dá lọ bá Màdáámù, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọgọ́rin, márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó gbọ́ mi dé òpin. Inú bí i, ó sì fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, èyí tó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ó ṣí dúróà, ó fi ìwé kan hàn mí. Ìwé ọwọ́ Bàbá ni. Ó ti kọ ọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, pé òun á lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n má ṣe fi orin sin òun jáde.

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró," Màdáámù ní. "Ó lóun ò lè máa kọjá níwájú ògiri yẹn mọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé òun náà ti sunkún.

Mo ti yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò nínú tabló báyìí. Orúkọ ẹ̀rọ nìkan ló kù. Mo ti dá ọgọ́rin padà. Bí àpótí kan bá ti ń di ìyeyè, n kì í dúró kí fóònù dún, mo máa ń dìde lọ bá ẹni tó ni ín níbi tó wà, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn. Ó ti di bárakú fún mi, àwọn ènìyàn a máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà nítorí rẹ̀. Kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ Bàbá tó kẹ́yìn, mo bá a nínú yàrá tútù, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kọ̀ǹpútà tuntun ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò pariwo rárá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ sórí wáyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.

"Dìde," ó ní. "Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ẹ̀rọ. Mo lọ wo nọ́ḿbà náà. Èmi kọ́ ni mo fún ẹ ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Màdáámù?"

"Bí mo bá sọ, àwa méjèèjì la máa lọ."

Mo ń sunkún débi pé n kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Mo ní nítorí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sìn ín dé títì ni, pé n kò fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, pé n kò lè wo orúkọ rẹ̀ nínú pupa lójú gbogbo ènìyàn.

Ó jókòó sórí àga kékeré tó máa ń lò, ó fa àpò rẹ̀ mọ́ra.

"O bò mí lójú wọn," ó ní. "Ìyẹn dára, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bo àgbà níta tán, wọ́n á pè é wọ yàrá, wọ́n á sọ fún un. Ìdajì lo ṣe. Ká ní o ti ilẹ̀kùn yìí lọ́jọ́ náà bó o ṣe tì í lónìí, tó o ní, Bàbá, ara ẹ̀rọ yín gbóná, ọjà ni ǹ bá gbà lọ ra fáànù." Ó so ẹnu àpò náà. "Ọmọ mi, kí lo rí lára mi tó o fi rò pé mi ò ní lè gbọ́ ọ?"

Mo wá èsì. Ó dúró dè é, nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tó pẹ́, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé jáde.